Sísọ́ọ̀sì tí Àǹtí Olúkẹ́mi Fún Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló gbé mi dé ìdí máṣíìnì ìránṣọ, máàsì ni màá dárúkọ. Wọ́n á rò pé mò ń ṣàwàdà. Mi ò ṣàwàdà rárá. Kàfáyá tí a jọ ń jókòó, tí kò lè pín ogójì sí méjì láì ka ìka ẹsẹ̀ mọ́ tọwọ́, ó ṣì wà ní kíláàsì títí di òní. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n jù lọ ni wọ́n gbé jókòó sídìí máṣíìnì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, bóyá inú tó ń bí mi á rọ̀ díẹ̀.

Bàrákàt ni orúkọ mi. Àtàn là ń gbé, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀dà títì kò dé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Àgbárá tí wọ́n ti ń ṣe ike. Iṣẹ́ ṣíìfù ni: ọ̀sẹ̀ yìí ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òru. Á gun ọ̀kadà rẹ̀ jáde sí ìkòríta, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ á sì gbé e níbẹ̀. Màámi ń ta èlò ọbẹ̀ níwájú ilé. Ilé ìwé mi wà ní Ìyànà Ìyẹsí, ilé ìwé aládàáni kékeré kan tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga, ṣùgbọ́n tí bàbá mi ń làágùn kó tó rí i san.

Ọkùnrin tó ń kọ́ wa ní máàsì tẹ́lẹ̀, pàṣán ló fi ń kọ́ wa. Á kọ ìṣirò kún pátákó, á kẹ̀yìn sí wa, á máa bá pátákó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé pátákó ló san owó ilé ìwé. Bó bá wá yíjú padà, á ní ta ni kò yé? Gbogbo wa ni kò yé. Ó yá, ẹ kúnlẹ̀. Orí orúnkún la fi ń kọ́ máàsì nígbà náà. Mo ti gbà pé orí mi kò gba nǹkan náà, bí ikùn àwọn kan kì í ti í gba ẹ̀wà.

Nígbà tí a wọ SS2, ọkùnrin náà bá iṣẹ́ mìíràn lọ, Àǹtí Olúkẹ́mi sì dé. Ọmọ Òǹdó ni, ó kéré lọ́jọ́ orí, tíṣà ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, Kàfáyá ń ya àwòrán gáùn kan tó gbòde lórí fóònù lásìkò yẹn, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń fẹ̀ yíká bí èèyàn bá jó, tí àwọn télọ̀ ń pè ní fíléà. Àǹtí rìn wá, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ti ń palẹ̀ orúnkún mọ́.

Ó wo àwòrán náà, ó wò ó títí. "Èyí mà dáa o. Báwo ni télọ̀ ṣe máa gé e tó fi máa jókòó sí ìbàdí yín, tí kò ní fún, tí kò sì ní tú?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa.

"Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà tẹ́ ẹ mọ fáàṣì bíi kí ẹ kú! Ó dáa. Ó dọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì ó kó àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo wá, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti téèpù. Èmi ló pè síwájú, torí mò ń sùn. Ó yí téèpù náà sí ẹ̀yìn, níbi tí sẹ̀ǹtímítà wà. Mi ò tíì rí télọ̀ tó ń lo ẹ̀yìn téèpù ní gbogbo àdúgbò wa, íǹṣì ni gbogbo wọn ń kà. Ó fi wé ìbàdí mi: mẹ́rìndínláàdọ́rin. Ó ní ká ka mẹ́rìndínláàdọ́rin yìí sí etí ohun róbótó kan tí a kò tíì rí, ká wá bá òun wá bó ṣe jìnnà láti àárín rẹ̀ dé etí. Ó kọ ọ̀nà tí a ó gbà sórí pátákó, òun náà tí ọkùnrin alápàṣán ti kọ ní àìmọye ìgbà, èyí tó ní méjìlélógún lórí méje nínú. A ṣe é, a ṣì í, a tún un ṣe. Mẹ́wàá ààbọ̀ ló jáde. Ó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ okùn, ó fi ya róbótó náà sórí pépà, ó gé e, ó gbé e wọ̀ mí láti orí. Ó jókòó sí ìbàdí mi pẹ́.

Ẹ gbọ́ mi o, pépà ni, eruku sìmẹ́ǹtì ṣì ń bọ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò há, tí kò sì yọ̀, orí mi wú. Kì í ṣe aṣọ ló dùn mọ́ mi. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé a ti mọ̀ kí a tó gé e. Nílé wa, a kì í mọ nǹkan kan ṣáájú. A kì í mọ̀ bóyá iná máa wà, a kì í mọ̀ bóyá wọ́n máa ní kí bàbá mi má wá síbi iṣẹ́ lọ́la. Nǹkan kan wá wà láyé yìí tí èèyàn lè jókòó sójú kan kó sì mọ̀ ọ́n ṣáájú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tó gbòde tí Àǹtí kò gbé wọ kíláàsì. Bàtà òkìrìkà tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, ó fi kọ́ wa ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Fídíò ijó Tíkítọ́ọ̀kì tí àwọn tó ń wò ó ń di ìlọ́po ìlọ́po, ó fi kọ́ wa bí nọ́ńbà ṣe ń gun ara wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń fo ògiri sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Alàgbà Akíndé tó ni ilé ìwé máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi fóònù gba àwòrán wa sílẹ̀ kó lè fi fa àwọn òbí mìíràn wá.

Èmi kọjá aṣọ láìpẹ́. Mi ò nílò ìbàdí ẹnikẹ́ni mọ́ kí n tó ṣe ìṣirò. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ti SS3, màá jókòó sẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́, màá máa wá x kiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Bí mo bá rí i, màá rẹ́rìn-ín lémi nìkan, Màámi á ní kí ló ń ṣe mí. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún Àǹtí pé yunifásítì ni mo fẹ́ lọ, máàsì gan-an ni mo fẹ́ lọ kọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wàá ṣe é." Òun nìkan ni mo sọ fún. Nílé wa, owó ilé ìwé ló ń mú bàbá mi dákẹ́ bó bá ń jẹun, mi ò sì fẹ́ fi yunifásítì kún ẹrù rẹ̀ nígbà náà.

Ọdún parí, wọ́n pe àwọn òbí fún ọjọ́ ẹ̀bùn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa tètè yé. Láàárín àwọn èèyàn tiwa, a kì í ṣàdédé fi irin iṣẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ lójú àwùjọ. Ẹni tó bá gbé òòlù fún ọ lójú bàbá rẹ ti fi ọ́ sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Ẹni tó bá gbé sísọ́ọ̀sì fún ọ, tí àwọn èèyàn rí i tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́, ti ní kí o lọ máa ránṣọ. Wọ́n lè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bu ọwọ́ lu ìwé tó bá yá, ìwé yẹn kò tó nǹkan, irin ni àdéhùn. Ìyá tó bí bàbá mi, télọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fi í fún ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tíṣà látòkè délẹ̀ ni Àǹtí Olúkẹ́mi. Níbo ló ti máa mọ̀?

Bàbá mi jókòó síwájú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣíìfù òru, ṣẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n pè mí. Àǹtí jáde pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tuntun, ńlá, tó ń dán, ó fi rìbọ́ọ̀nù pupa so ó pọ̀ mọ́ téèpù. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní èyí ni ti Bàrákàt, ọmọ tó mọ máàsì jù lọ ní SS2. Mo rí sísọ́ọ̀sì náà, mi ò na ọwọ́ sí i. Mo wo bàbá mi. Oorun ti dá lójú rẹ̀. Àǹtí rò pé ojú ló ń tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹ sísọ́ọ̀sì náà sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Bàbá mi dìde dúró. Ó ń sunkún.

Lórí ọ̀kadà tí a ń bọ̀ wálé, ó bá mi sọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe ìsìtìkáárà nítorí mi, àdúà tí a fi ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní òun ń bi Í pé kí ni kí òun fi ọmọ yìí ṣe.

"Alihamudulilahi. Ó dá mi lóhùn lónìí, lójú gbogbo ayé."

"Bàbá, ẹ̀bùn máàsì ni wọ́n fún mi. Ẹ gbọ́ ohun tí Àǹtí sọ."

"Mo gbọ́ ohun tó fi ẹnu sọ. Mo sì rí ohun tó fi ọwọ́ ṣe. Èwo lo fẹ́ kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

Ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run jiyàn lórí ọ̀kadà?

Ìkà kọ́ ni bàbá mi o. Ì bá jẹ́ ìkà, ì bá rọrùn. Bàbá burúkú ṣeé sá fún, ta ló ń sá fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀? Nígbà tí Màámi bi í bóyá ọmọ fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ ránṣọ, ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ Sùlè, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fún un. Ọmọbìnrin náà ṣe Wáẹ̀kì, ó sì yege. Inú ilé iṣẹ́ ike ló wà pẹ̀lú wọn báyìí, ó ń di ẹrù sínú páálí lórí ìdúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kó máa lọ. "Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú báàgì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú páálí," ni bàbá mi wí. "Mi ò bímọ fún ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gá ara rẹ̀ ni."

Àǹtí gbọ́, ó sáré wá sílé wa ní Àtàn. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi, ó ní òun kò mọ̀, òun kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀ rárá. Bàbá mi fọwọ́ gbé e dìde. "Àǹtí, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹni tó ṣe oore kì í tọrọ àforíjì." Àǹtí kò lọ. Ó bẹ̀bẹ̀ títí bàbá mi fi gbà pé kí n kọ́kọ́ lọ dán an wò ní ọlidé náà, lọ́dọ̀ Màdáámù Ẹfúnkẹ́ tó jẹ́ télọ̀ ní Ìyànà Ìyẹsí. Bí ilé ìwé bá fẹ́ẹ́ wọlé, tí Màdáámù bá ní ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀, òun á dá mi padà sí SS3, bó bá gbà kí òun ta ṣòkòtò ìdí òun. Ó fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Mo mọ̀ pé kò ní yẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wá kù fún mi, kí n fìdí rẹmi.

Kọ̀ǹtéínà ni ṣọ́ọ̀bù Màdáámù Ẹfúnkẹ́, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan tí wọ́n fi irin dí. Bó bá di ọ̀sán, ooru inú rẹ̀ á mú kí èèyàn máa mí bí ẹni sáré. Ilé ìwé wa wà ní òdì kejì títì. Wọ́n ń ṣe lẹ́sìn ọlidé, mo sì ń gbọ́ agogo wọn. Agogo á lù, màá mọ̀ pé máàsì ló kàn, màá sì tẹjú mọ́ bọ́tìnnì tí mò ń gán.

Obìnrin tó dáa ni Màdáámù, ìyẹn náà kò ràn mí lọ́wọ́. Pín-ìn-nì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó lè bú èèyàn, kó rẹ́rìn-ín, kó sì tún rọni jẹun, kí pín-ìn-nì má sì bọ́. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe kí n lè jọ òmùgọ̀. Mo gán apá òsì mọ́ ọ̀tún, mo rán àpò pa. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. "Tú u. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Mo wá rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké kò lè gbà mí. Nídìí iṣẹ́ télọ̀, ẹyọ ẹ̀ṣẹ̀ kan ló wà tí wọ́n fi ń lé ọmọ iṣẹ́ lọ: kó gé aṣọ oníbàárà bàjẹ́.

Ọmọbìnrin yunifásítì kan wà tó ń jẹ́ Abísọ́lá, ó gbé àǹkárá olówó ńlá wá, ó ní kí Màdáámù bá òun rán gáùn tó máa gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Màdáámù ti rán an tán, ó ku kí wọ́n ká ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n lọ̀ ọ́, òun ń lọ ra òwú ní Sángo. Bó ti jáde báyìí, mo gbé gáùn náà sórí tábìlì, mo mú sísọ́ọ̀sì Àǹtí.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ì bá ṣe pé mo gé e jágajàga bí ọmọ òmùgọ̀ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo fẹ́ kí ó ga ní orúnkún òsì, kó sì balẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo bá wọn bó ṣe máa gbéra láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mo pín ìgòkè náà dọ́gba, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo wá gé e, ó dàgẹ̀rẹ̀ láìsí wíwọ́ kankan lára rẹ̀.

Màdáámù dé. Pín-ìn-nì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàrákàt! O pa mí! Aṣọ ọlọ́ṣọ!" Ó nawọ́ sókè. Mo di ojú, inú mi dùn. Mi ò tíì fi ayọ̀ dúró de ìgbájú báyìí rí. Ìgbájú náà ni ì bá gbé mi padà sí SS3.

Ìgbájú kò dé. Ohùn Abísọ́lá ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọlé, ó ti mú gáùn náà, ó ti gbé e sára níwájú dígí. Màdáámù bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, ọmọ iṣẹ́ mi ni, màá ra òmíràn..."

"Màdáámù, wait. Ta ló gé eléyìí?" Ó ń yí ẹsẹ̀ òsì wò, ó ń yí ọ̀tún wò. "Ah ah! This thing go trend o! Ṣé ẹ mọ̀ pé kò tíì sẹ́ni tó ní i ní school wa?"

Ó wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ó jó níwájú kọ̀ǹtéínà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé fóònù sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ yunifásítì ti ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń béèrè sítáì Bàrákàt.

Àṣé láyé òde òní, èèyàn ò lè ba aṣọ jẹ́ mọ́! Ohunkóhun tó o bá gé, ẹnì kan á yọjú pé òun ló wà níta. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gé àgẹ̀rẹ̀ fún oníbàárà, omi ń bọ́ lójú mi, Màdáámù rò pé ayọ̀ ni. Ó pe bàbá mi lórí fóònù. Ó ní òun ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́, òun kò rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ báyìí rí.

Lọ́jọ́ Sunday tí ilé ìwé máa wọlé lọ́jọ́ kejì, mo fọ yúnífọ́ọ̀mù mi, mo lọ̀ ọ́. Mo ti pinnu pé màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Gbogbo ìgbà yìí, mi ò tíì jókòó ti bàbá mi kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, kìkì ohun tí n kò fẹ́ ni mo ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sá fún. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ náà jọ sẹ́nu: Bàbá, ìwé ni mo fẹ́ kà, yunifásítì ni mo fẹ́ lọ. Mo pe Àǹtí Olúkẹ́mi pé kó wá kún mi lọ́wọ́.

Ó dé ní ọ̀sán. Mo lọ pàdé rẹ̀ níta. Kò wo ojú mi dáadáa.

"Bàrákàt, kí n má tàn ọ́. Alàgbà Akíndé ní kí n wọ sítáì rẹ wá lọ́la. Ó ní kí n fi kọ́ àwọn SS3 ní sílóòpù, bí ìlà ṣe ń dàgẹ̀rẹ̀, òun á ya fídíò rẹ̀."

"Sítáì mi? Èmi ńkọ́, Àǹtí?"

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa bá wọn sọ ọ́." Ó di ọwọ́ mi mú.

A wọlé. Mo rò pé bàbá mi nìkan la máa bá. Pálọ̀ kún. Màdáámù Ẹfúnkẹ́ wà níbẹ̀, Sùlè ọ̀rẹ́ bàbá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bàbá mi wọ jàlàbíà funfun. Láàárín pálọ̀, wọ́n fi aṣọ bo nǹkan kan. Ó ṣí i. Máṣíìnì ìránṣọ ni, tuntun, tòun ti mọ́tò oníná tó ń yí i, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á.

Gbogbo wọn kígbe. Èmi ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí bàbá mi máa ń gbé ọ̀kadà sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wo Màámi.

"Ó ti tà á," ló sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ó ní ẹsẹ̀ òun á máa gbé òun dé ìkòríta. Láti ọjọ́bọ̀ ló ti ń rìn ín lọ sí ṣíìfù òru, ṣọ́ọ̀bù lo máa ń wà bó bá dé."

Mo wo ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó ti wẹ̀, ó ti múra, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lókè bàtà. Ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ sẹ́nu, mo wá a, mi ò rí i mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Kí n ní ẹ lọ gba ọ̀kadà yín padà? Kí n ní Ọlọ́run kò dá yín lóhùn?

"Àǹtí Olúkẹ́mi," ni bàbá mi wí, "ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ẹlòmíràn kò lè ṣe èyí. Ẹ̀yin lẹ gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ló gbọ́dọ̀ mú un jókòó."

Àǹtí wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé bí mo bá la ẹnu, yóò la tirẹ̀. Ó ń dúró dè mí, èmi náà ń dúró dè é. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa já bàbá mi kulẹ̀, kó má jẹ́ èmi. Òun náà wo àwọn àgbà tó jókòó, ó wo máṣíìnì, ó wo ọkùnrin tó ta ọ̀kadà rẹ̀.

Ó mú mi lọ́wọ́. Ó fà mí dé ibẹ̀, ó mú mi jókòó, ó gbé ọwọ́ mi lé orí ẹ̀rọ náà. Mo kúnlẹ̀ padà, mo ní ẹ ṣeun Bàbá, nítorí ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Wọ́n tún mú mi jókòó.

Bàbá mi na ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà. Ó ní iṣẹ́ yìí kò ní gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní Àmín. Ó ní ibi tí mo jókòó sí yìí, ibẹ̀ ni màá dàgbà sí. Wọ́n ní Àmín. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n pẹ́ nídìí rẹ̀, kí n pẹ́, kí n pẹ́ títí. Wọ́n ní Àmín, Àmín. Ẹ̀yìn mi ni Àǹtí dúró sí, mo sì gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn.

Bàbá mi dánu dúró, ó rẹ́rìn-ín. "Bàrákàt, àdúà ẹ là ń ṣe, a ò gbọ́ Àmín tìẹ."

Mo ní, "Àmín, sà."

Ó ní kò dún tó. Mo tún un ṣe.